Bí A Ṣe Ń Kápá Féèsì Ìmọ́lẹ̀ Nínú Sẹ́ńsọ̀ Òrùka: Ìtọ́sọ́nà Láti Orí Tábìlì Iṣẹ́

Sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn yíyí ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, kò sì ní kẹ̀kẹ́ tó ń yí nínú. Ìmọ́lẹ̀ kan ni a pín sí méjì, a rán apá kan gba ọwọ́ ọ̀tún, a rán èkejì gba ọwọ́ òsì, lójú ọ̀nà kan náà tó yí po padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Bí ohun tó gbé ọ̀nà náà kò bá yí, àwọn méjèèjì á dé pọ̀. Bí ó bá yí, èyí tó ń sá tẹ̀lé ìyípo náà á pẹ́ dé ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ. Georges Sagnac, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló fi èyí hàn lórí tábìlì tó ń yí ní 1913. Ohun kan náà ló ń sọ fún ọkọ̀ òfuurufú lónìí ibi tó kọjú sí, kódà bí kò bá sí sátẹ́láìtì kan tó ń bá a sọ̀rọ̀.

Ìpẹ́dé yẹn kéré jọjọ. Nínú òrùka fáíbà (okùn gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá) tí a máa ṣe nísàlẹ̀, yíyí ilé ayé máa ń mú kí ìmọ́lẹ̀ kan gbẹ́yìn èkejì ní ìwọ̀n tó kéré ju fífẹ̀ átọ̀mù kan lọ. Kò sí aago tó lè ka ìyẹn ní tààrà. Féèsì ni a fi ń kà á, ìyẹn ibi tí ìgbì ìmọ́lẹ̀ dé nínú gígòkè àti sísọ̀kalẹ̀ rẹ̀. Odidi ìyípo ìgbì kan jẹ́ rédíánì 2π, a sì lè mọ ìdá kan nínú mílíọ̀nù rẹ̀ tí a bá mọ bí a ṣe ń darí rẹ̀.

Èrò mi lórí iṣẹ́ yìí kò pọ̀: àkókò tí ìmọ́lẹ̀ fi ń rin òrùka yín yí po lẹ́ẹ̀kan ni ọ̀gá. Ẹni tó bá mọ àkókò yẹn dáadáa, tó sì mú kí gbogbo nǹkan yòókù bá a mu, á kápá féèsì. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á máa ra ohun èlò olówó gọbọi, nọ́ńbà tó ń jáde á sì máa fì síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Irú òrùka tí ẹ fẹ́ fọwọ́ kàn

Òrùka lésà gan-an ni èyí tí lésà fúnra rẹ̀ ń gbé inú òrùka. Macek àti Davis ló fi í hàn ní 1963 ní ilé-iṣẹ́ Sperry ní Amẹ́ríkà. Nínú èyí tí wọ́n ń fi sínú ọkọ̀ òfuurufú, gáàsì helium àti neon ló wà nínú ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú búlọ́ọ̀kù gíláàsì tí ooru kì í mú wú, jígí mẹ́ta tàbí mẹ́rin sì ń dá ìmọ́lẹ̀ padà ní àwọn igun. Níbẹ̀, yíyí kì í fara hàn bí ìyàtọ̀ féèsì tó dúró sójú kan. Fíríkúẹ́nsì ìmọ́lẹ̀ méjèèjì, ìyẹn iye ìgbà tí ìgbì wọn ń mì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan (Hz), ló máa ń yàtọ̀, féèsì àárín wọn á sì máa sáré lọ láìdúró. Iye ìgbà tó bá yí po ni a ń kà. Ní Wettzell ní Jámánì, òrùka kan tí wọ́n ń pè ní G wà lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ mítà 4, yíyí ilé ayé nìkan sì ń fún un ní nǹkan bíi 348.5 Hz tọ̀sán-tòru.

Ohun méjì ni à ń kápá nínú irú èyí. Àkọ́kọ́ ni gígùn òrùka náà: wọ́n máa ń lẹ jígí kan mọ́ piezo, ohun tó máa ń wú tàbí sún kì bí fólítéèjì bá wọ inú rẹ̀, wọ́n á mì í díẹ̀díẹ̀, wọ́n á wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, wọ́n á sì mú un dúró síbẹ̀. Èkejì le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí yíyí bá rọra púpọ̀, ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó ń fọ́n padà lára àwọn jígí á so àwọn méjèèjì pọ̀, fíríkúẹ́nsì wọn á di ọ̀kan, sẹ́ńsọ̀ náà á sì sọ pé òun kò yí rárá. Ọgbọ́n tí àwọn olùṣe ti ọkọ̀ òfuurufú dá sí i ni pé kí wọ́n gbé búlọ́ọ̀kù náà lé orí sípíríìnì, kí wọ́n máa mì í lọ síwá-sẹ́yìn ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí ó má baà pẹ́ níbi tí ìsopọ̀ yẹn ti lè mú un. Wọ́n tún máa ń mú kí mímì náà má ṣe dọ́gba, nítorí mímì tó bá dọ́gba jù máa ń fi àṣìṣe sílẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá fẹ́ yí padà.

Kò rọrùn láti kọ́ irú òrùka yẹn nínú yàrá ìwádìí yunifásítì tí kò ní ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde pátápátá àti jígí tó mọ́ kọjá sísọ. Èyí tí a lè fọwọ́ ara wa ṣe ni òrùka fáíbà, tí Vali àti Shorthill gbé jáde ní Yunifásítì Utah ní 1976. Lésà kò sí nínú òrùka yìí. Ìta ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, a sì ká fáíbà jọ di ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìyípo kí ìpẹ́dé náà lè pọ̀. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú rẹ̀ ni pé féèsì wà ní ọwọ́ wa pátápátá: a lè fi fólítéèjì sún un bí a ṣe fẹ́.

Àpẹẹrẹ tí a máa lò látòkè délẹ̀ nìyí: fáíbà 1,000 mítà, tí a ká mọ́ ohun róbótó tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 (ó máa tó ìyípo 3,180), àti ìmọ́lẹ̀ tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ 1,550 nm. Ẹ fi fífẹ̀ òrùka sọ gígùn fáíbà di púpọ̀, ẹ fi 2π sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ wá fi gígùn ìgbì àti ìyára ìmọ́lẹ̀ pín in. Rédíánì 1.35 ló máa jáde fún yíyí rédíánì kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ilé ayé, tó ń yí ìwọ̀n 15.04 ní wákàtí kan, á fún yín ní nǹkan bíi 98 nínú mílíọ̀nù rédíánì.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ to ọ̀nà ìmọ́lẹ̀

Láti orísun ìmọ́lẹ̀, ó gba inú coupler kan (ohun tó ń pín ìmọ́lẹ̀ tàbí tó ń dà á pọ̀), ó wọ ṣíìpù lithium niobate (kírísítálì tí fólítéèjì lè sún féèsì ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀) tó ní ẹ̀ka méjì bíi lẹ́tà Y, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sì so mọ́ orí fáíbà òrùka kan. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ méjèèjì bá padà dé, wọ́n á pàdé nínú ṣíìpù náà, wọ́n á gba coupler yẹn padà, photodiode, ohun tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di iná mànàmáná, á sì gbà wọ́n.

Ẹ má ṣe fi lésà tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ṣe orísun. Ó yà ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu, nítorí wọ́n rò pé lésà tó mọ́ jù ló dára jù. Nínú òrùka fáíbà, òdì kejì ni. Ìmọ́lẹ̀ tó ń fọ́n padà nínú gíláàsì náà á máa bá ojúlówó ìmọ́lẹ̀ jà, á sì fi ariwo kún féèsì. Orísun tí àwọ̀ rẹ̀ fẹ̀, irú bí SLED (ṣíìpù kékeré tó ń tàn bíi LED, ṣùgbọ́n tó mọ́lẹ̀ jù ú lọ) tàbí fáíbà erbium tó ń tàn fúnra rẹ̀, kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ méjì bá ara wọn ṣe àyàfi tí ọ̀nà wọn bá dọ́gba láìfi mílímítà kan sílẹ̀. Àwọn méjì tí ẹ ń fẹ́ ni ọ̀nà wọn dọ́gba. Àwọn yòókù á kàn di ìmọ́lẹ̀ lásán.

Ìdí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ gba ẹnu ọ̀nà tí wọ́n bá wọlé jáde náà nìyẹn. Ṣíìpù Y ní ẹnu kan ṣoṣo tó so mọ́ coupler. Bí ẹ bá gbìyànjú láti ka ìmọ́lẹ̀ níbòmíràn, ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì kò ní jẹ́ ọ̀kan mọ́, ẹ ó sì máa rí yíyí níbi tí kò sí. Ṣíìpù tí wọ́n fi ọ̀nà proton exchange ṣe tún máa ń yọ̀ǹda polarization (ìhà tí ìgbì ìmọ́lẹ̀ ń mì sí) ẹyọ kan péré, ìyẹn sì bá wa mu; ẹ lo fáíbà tó ń pa polarization mọ́ fún òrùka, kí ẹ sì rí i pé ìlà rẹ̀ bá ti ṣíìpù mu níbi tí ẹ ti jó wọn pọ̀.

Ìmọ́lẹ̀ 1,550 nm kò ṣeé fojú rí, ó sì lè pa ojú lára. Ẹ pa orísun kí ẹ tó wo orí fáíbà. Ẹ máa nu orí àwọn connector ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ so wọ́n. Eruku ọyẹ́ kan ṣoṣo tó láti ba iṣẹ́ jẹ́.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ká fáíbà

Bí ẹ bá kàn ká fáíbà bí ènìyàn ṣe ń ká òwú, láti orí kan dé ìkejì, ooru á bá iṣẹ́ yín jẹ́. Shupe ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1980: bí apá kan fáíbà bá gbóná nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ń kọjá, ìmọ́lẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì kì í kọjá apá yẹn lákòókò kan náà, nítorí náà wọn kì í bá ìgbóná kan náà pàdé níbẹ̀. Ó di ìyàtọ̀ féèsì tí kò ní í ṣe pẹ̀lú yíyí. Àárín gan-an nìkan ni wọ́n ti ń pàdé lẹ́ẹ̀kan náà.

Nítorí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín fáíbà. Ẹ dá ìdajì kan jọ sórí sípúùlù kan, ìdajì kejì sórí òmíràn. Ẹ fi ti àkọ́kọ́ ká ìpele kan, ẹ fi ti èkejì ká ìpele méjì lé e, kí ẹ padà sí ti àkọ́kọ́ fún ìpele méjì, bẹ́ẹ̀ lẹ ó ṣe máa bá a lọ títí tí ẹ ó fi fi ìpele kan ti àkọ́kọ́ parí rẹ̀. Èyí máa ń mú kí ibi méjì tó jìnnà sí àárín bákan náà sún mọ́ra lórí òrùka, ooru tó bá dé ọ̀kan á dé èkejì. Ẹ má fà á le jù. Àárín mítà 1,000 kò ṣòroó wá, ṣùgbọ́n ẹ wá a dáadáa, nítorí ìdajì tó bá gùn ju èkejì lọ á dá ìṣòro tí ẹ ń sá fún padà.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wá àkókò òrùka yín rí

Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ.

Ìmọ́lẹ̀ kì í sáré nínú gíláàsì bó ṣe ń sáré lófuurufú. Ẹ fi bíi 1.468 (iye tí gíláàsì fi ń dín ìyára ìmọ́lẹ̀ kù) sọ 1,000 mítà di púpọ̀, kí ẹ fi ìyára ìmọ́lẹ̀ pín in: 4.9 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá ni. A máa pè é ní τ. Modulator inú ṣíìpù náà, ibi tí fólítéèjì ti ń sún féèsì, wà ní ẹnu òrùka. Ìmọ́lẹ̀ kan á bá a pàdé nígbà tó ń wọlé, èkejì á bá a pàdé nígbà tó ń jáde, τ sì ni ó wà láàárín ìpàdé méjèèjì. Bí fólítéèjì bá wà bákan náà ní ìgbà méjèèjì, ìmọ́lẹ̀ méjèèjì á gba féèsì kan náà, a kò sì ní rí nǹkan kan. Bí ó bá yí padà láàárín τ ni a tó rí ìyàtọ̀. Ó jọ ẹni méjì tó ń gún iyán nínú odó kan: bí ọ̀kan ṣe ń gbé ọmọ odó sókè ni èkejì ń sọ̀kalẹ̀, iṣẹ́ á sì yá. Bí wọ́n bá ṣi àkókò mú, ọmọ odó á kọ lu ọmọ odó.

Fíríkúẹ́nsì tó bá òrùka yín mu ni èyí tí ìdajì ìyípo rẹ̀ jẹ́ τ gẹ́lẹ́. Fún àpẹẹrẹ wa, nǹkan bíi 102.1 kHz ni. Ẹ má gba nọ́ńbà yìí gbọ́ láti orí ìwé, torí kò sí ẹni tó mọ gígùn fáíbà rẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà tó kẹ́yìn. Ẹ wọ̀n ọ́n báyìí. Ẹ fi ìgbì sáìnì kékeré wọ modulator, ẹ sún fíríkúẹ́nsì rẹ̀ lọ sí ìlọ́po méjì, ìyẹn àyíká 204 kHz. Níbẹ̀, odidi ìyípo kan ló wọ inú τ, fólítéèjì á sì ti padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ kejì tó dé. Ìmìtìtì tí ẹ ń rí láti ara photodiode lórí oscilloscope (ẹ̀rọ tó ń ya fólítéèjì sójú) á kú. Ẹ máa yí bọ́tìnì fíríkúẹ́nsì síwá-sẹ́yìn títí ẹ ó fi rí ibi tó kú pátápátá. Ìdajì fíríkúẹ́nsì yẹn ni tiyín.

Mo fẹ́ràn wíwá ibi tí nǹkan ti kú ju wíwá ibi tó ti ga jù lọ. Orí góńgó máa ń tẹ́, ojú kì í mọ ibi tó ga jù; ibi òfo máa ń ṣe kedere. Ìgbóná yàrá á sún nọ́ńbà náà díẹ̀: bí ooru bá fi ogún ìwọ̀n Celsius yí padà, ẹ retí ìyàtọ̀ bíi 15 Hz. Kò pọ̀ tó láti bà yín lẹ́rù, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìgbóná ọjọ́ tí ẹ wọ̀n ọ́n.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ gbé féèsì kúrò lórí góńgó

Bí òrùka kò bá yí, ìmọ́lẹ̀ méjèèjì á bára wọn mu, photodiode á sì rí ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù lọ. Wàhálà wà níbẹ̀. Lórí góńgó, bí ẹ bá yí díẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí díẹ̀ sósì, ìmọ́lẹ̀ á dín kù bákan náà, ìdínkù náà sì kéré débi tí a kò fi ní rí i. A gbọ́dọ̀ sún féèsì lọ sórí ibi tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ní π/2, níbi tí ìyàtọ̀ kékeré ti ń fara hàn jù. A sì gbọ́dọ̀ máa fò láti +π/2 sí −π/2, ní gbogbo τ, kí a lè fi ẹ̀gbẹ́ kan wé èkejì.

Ẹ fi ìgbì onígun mẹ́rin wọ modulator ní fíríkúẹ́nsì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí. Lórí oscilloscope, ẹ ó rí ìlà tó tẹ́ pẹrẹsẹ pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ ṣókí tó ń yọ sókè ní gbogbo ìgbà tí ìgbì bá fò. Ìgbà tí féèsì ń gba orí góńgó kọjá ni ṣókí yẹn. Bí ẹ bá rí ìlà tẹ́ mìíràn lókè, àkókò yín kò bá òrùka mu. Ẹ padà sí ìgbésẹ̀ 3.

Lẹ́yìn èyí, ẹ rọra máa fi kún gíga ìgbì náà. Ìlà tó tẹ́ á máa sọ̀kalẹ̀. Nígbà tó bá dé ìsàlẹ̀ pátápátá, tó sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè padà, ìyàtọ̀ féèsì ti di π gẹ́lẹ́. Ẹ kọ fólítéèjì yẹn sílẹ̀, láti ìsàlẹ̀ ìgbì dé òkè rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní 4 V ni. Nọ́ńbà yìí ni Vπ, kò sì sí ohun tí ẹ ó lò tó o lẹ́yìn τ. Ìdajì rẹ̀, 2 V, ló máa fún yín ní ±π/2.

Tí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n lò, ẹ gbìyànjú 3 V, tó máa fún yín ní ±3π/4. Ìmọ́lẹ̀ tó máa dé photodiode á kéré, ṣùgbọ́n ariwo tí orísun fúnra rẹ̀ ń pa á dín kù ju bí àmì yíyí ṣe ń dín kù lọ. Fún orísun erbium, èrè gidi ni.

Ẹ wá ka ìmọ́lẹ̀ ní apá kìíní, ẹ kà á ní apá kejì, ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Ẹ má ka àwọn ṣókí yẹn mọ́ ọn. Ẹ dúró kí ìlà tẹ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹ fọwọ́ yí tábìlì sọ́tùn-ún: nọ́ńbà á lọ sápá kan. Ẹ yí i sósì: á lọ sápá kejì. Ẹ̀yin náà ti ní sẹ́ńsọ̀ yíyí nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ ti lúùpù

Ohun tí ẹ ní báyìí ṣì kù díẹ̀ káàtó. Bí ìmọ́lẹ̀ orísun bá dín kù, nọ́ńbà á dín kù. Bí yíyí bá sì kọjá ìwọ̀n 66 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìlà á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ padà, ẹ ó sì máa ka yíyí kíkan bí èyí tó rọra. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí ẹ má ka féèsì yíyí rárá. Kí ẹ fi féèsì tí ẹ dá fúnra yín pa á rẹ́, kí ẹ wá ka iye tí ẹ fi pa á. Ètò tó ń ka àṣìṣe tó sì ń dá féèsì padà láti pa á rẹ́ yìí ni à ń pè ní lúùpù.

Ìyàtọ̀ féèsì tó dúró sójú kan kò ṣeé dá pẹ̀lú fólítéèjì tó dúró sójú kan, ẹ rántí ìgbésẹ̀ 3. Fólítéèjì gbọ́dọ̀ máa gòkè. Ẹ ṣe é bí àtẹ̀gùn: ní gbogbo τ, ẹ fi ìwọ̀n kan kún un. Ìmọ́lẹ̀ kejì á máa bá àtẹ̀gùn tó ga ju ti ẹnìkejì rẹ̀ lọ ní ìpele kan, gíga ìpele yẹn sì ni féèsì tí ẹ fi ń pa ti yíyí rẹ́. Nínú FPGA (ṣíìpù tí a lè fúnra wa to iṣẹ́ inú rẹ̀), register méjì, ìyẹn ibi tí nọ́ńbà ń jókòó sí nínú ṣíìpù, ti tó: èyí àkọ́kọ́ á máa kó àṣìṣe tí photodiode fi hàn jọ, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni gíga ìpele, èkejì á máa kó ìpele jọ di àtẹ̀gùn, á sì rán an lọ sí DAC (ẹ̀rọ tó ń sọ nọ́ńbà di fólítéèjì) pẹ̀lú ìgbì onígun mẹ́rin lórí rẹ̀. Gíga ìpele tó wà nínú register àkọ́kọ́ ni ìyára yíyí tí ẹ ń wá.

Bí sẹ́ńsọ̀ bá jókòó jẹ́ẹ́ tó sì ń sọ fún yín pé òun ń yí bíi ìwọ̀n 133 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ má tú u. Àmì lúùpù yín (+ tàbí −) ló dojú dé. Lúùpù tó dojú dé kì í balẹ̀ sí òfo; π ló máa ń balẹ̀ sí, iye yíyí tó sì bá π mu nínú òrùka wa nìyẹn. Ẹ yí àmì ìyọkúrò padà.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ wọ̀n 2π dáadáa

Àtẹ̀gùn kò lè gòkè títí láé. Nígbà tó bá dé ìwọ̀n kan, a máa já a sílẹ̀ pẹ̀lú 2π, nítorí ìgbì tó fò odidi ìyípo kan wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Pẹ̀lú Vπ tó jẹ́ 4 V, ìjásílẹ̀ náà jẹ́ 8 V, ẹ rí i dájú pé amplifier yín lè gbé e pẹ̀lú ìgbì tó wà lórí rẹ̀. Ọgbọ́n tó rẹwà ni pé kí ẹ tún gain DAC (ìwọ̀n fólítéèjì tó ń fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan) ṣe kí odidi ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 2π gẹ́lẹ́. Nígbà náà, register tó bá kún á padà sí òfo fúnra rẹ̀, ìjásílẹ̀ á ṣẹlẹ̀ láìsí pé ẹ kọ ìlànà kan fún un.

DAC oníbíìtì 16 á pín 2π sí 65,536, ìpín kọ̀ọ̀kan á jẹ́ bíi 96 nínú mílíọ̀nù rédíánì. Ẹ wò ó: féèsì tí ilé ayé ń fún wa kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìpín kan ṣoṣo lọ. Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ jẹ́ kí register gùn tó bíìtì 32 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ fi èyí tó wà lókè nìkan ránṣẹ́ sí DAC. Ìyókù á máa kóra jọ nísàlẹ̀, á sì fara hàn nígbà tó bá tó ìpín kan. Àtẹ̀gùn náà kò ní tẹ́jú níbí, kò ní tẹ́jú lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ìdàgẹ̀rẹ́ rẹ̀ á tọ́.

Vπ máa ń yí pẹ̀lú ìgbóná. Ohun tí ẹ wọ̀n láàárọ̀ kọ́ ni ẹ ó bá lọ́sàn-án. Bí ìjásílẹ̀ bá kọjá 2π tàbí kò tó o, ìmọ́lẹ̀ á fò fún τ kan lẹ́yìn rẹ̀, ẹ sì lè fi ìfò yẹn tún gain ṣe. Àmọ́ nígbà tí yíyí bá rọra, ìjásílẹ̀ kì í pọ̀. Lábẹ́ yíyí ilé ayé, kò ju bíi mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọ̀nà tó dára jù ni kí ẹ fi ipò mẹ́rin rọ́pò méjì: ±2π/3 àti ±4π/3, ní títẹ̀léra. Ìmọ́lẹ̀ dọ́gba ní ipò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí gain bá tọ́. Bí gain bá ga jù, ti 2π/3 á ṣókùnkùn sí i, ti 4π/3 á mọ́lẹ̀ sí i, yálà òrùka ń yí tàbí kò yí. Ẹ fi ìyàtọ̀ yẹn darí gain pẹ̀lú lúùpù kejì tó rọra. Láti ìgbà náà lọ, àárọ̀ àti ọ̀sán á di ọ̀kan lójú sẹ́ńsọ̀ yín.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ fi tábìlì àti ilé ayé dán an wò

Ìjásílẹ̀ kọ̀ọ̀kan dúró fún igun kan pàtó: fún òrùka wa, nǹkan bíi 4.7 nínú ìdá 3,600 ìwọ̀n kan. Ẹ yí tábìlì ní odidi ìyípo kan, kí ó padà sójú ilà tí ẹ fà sílẹ̀, kí ẹ sì ka ìjásílẹ̀. Ẹ retí nǹkan bíi 276,000. Iye tí ẹ bá rí gan-an ni kí ẹ máa lò láti ọjọ́ náà, nítorí ẹ kò mọ fífẹ̀ òrùka yín tó bí tábìlì ṣe mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn náà ni ti ilé ayé. Ìwé tí ọ̀pọ̀ wa ń kà wá láti ilẹ̀ tó jìnnà sí ìlà ìdajì ayé. Wọ́n á ní kí ẹ gbé òrùka kalẹ̀ pẹrẹsẹ lórí tábìlì. Ní Wettzell, ìyẹn dára, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin yíyí ilé ayé á wọ inú rẹ̀. Ní Ìbàdàn, tó wà ní bíi ìwọ̀n 7.4 sí àríwá, ìwọ̀n 1.94 péré ní wákàtí kan lẹ ó rí nínú 15.04. Ẹ gbé òrùka náà dúró lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ihò àárín rẹ̀ kọjú sí àríwá: 14.92 ló máa wọlé. Nínú èyí, àwa ni ilẹ̀ wa ṣe lóore. Ọwọ́ wa ni yíyí ayé fẹ́rẹ̀ẹ́ wà tán.

Ẹ ka nọ́ńbà nígbà tó kọjú sí àríwá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ yí i kọjú sí gúúsù, ẹ tún kà á. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Ìwọ̀n 29.8 ní wákàtí kan ló yẹ kó jáde, bẹ́ẹ̀ ni àṣìṣe tó dúró sójú kan nínú ẹ̀rọ yín á sì ti pa ara rẹ̀ rẹ́. Bí ẹ bá fi ìwọ̀n márùn-ún ṣi àríwá, kò ní ná yín ju ìdá mẹ́rin nínú ẹgbẹ̀rún lọ. Ẹ kọjú rẹ̀ sí ìlà-oòrùn pẹ̀lú: òfo ló yẹ kí ẹ bá.

Bí nọ́ńbà kò bá tọ́

Ẹ pa orísun ìmọ́lẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí modulator máa ṣiṣẹ́ lọ, kí ẹ sì já lúùpù. Ohunkóhun tí ẹ bá kà nígbà náà kì í ṣe yíyí. Fólítéèjì modulator ló ń jò wọ inú amplifier photodiode. Èyí ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí òun ló máa ń dá ẹ̀bi sílẹ̀ jù nínú ohun tí a bá tò lórí tábìlì. Ẹ ya ilẹ̀ waya wọn sọ́tọ̀, ẹ fi páànù bo photodiode, ẹ gbé e jìnnà sí DAC.

Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yín bo ẹ̀gbẹ́ kan òrùka náà fún ìṣẹ́jú kan, láìfọwọ́ kàn án. Bí nọ́ńbà bá sún, tó sì padà nígbà tí ẹ mú ọwọ́ kúrò, káká fáíbà kò dára tàbí àárín kò sí ní àárín. Bíbo gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí kò jẹ́ kí ooru tètè wọlé á ràn yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò ní wo àrùn náà sàn.

Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà. Ilẹ̀ tó ń gbọ̀n jẹ́ yíyí gidi, sẹ́ńsọ̀ yín kò purọ́. Ẹ lo bátìrì fún orísun ìmọ́lẹ̀ àti photodiode, nítorí inverter olówó pọ́ọ́kú tí ìgbì rẹ̀ kò mọ́ á fi ariwo 50 Hz àti àwọn ìlọ́po rẹ̀ sínú ohun gbogbo. Bí nọ́ńbà bá ń sún nígbà tí ẹ gbé mágínẹ́ẹ̀tì sún mọ́ ọn, polarization inú fáíbà ń lọ́. Ẹ fi àpótí mu-metal (irin tó ń dá agbára mágínẹ́ẹ̀tì dúró) bò ó.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti balẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀, kí ó máa kọ nọ́ńbà kan sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìgbóná òrùka àti ìgbóná ṣíìpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ ya Allan deviation rẹ̀, ìyẹn àwòrán tó ń fi hàn bí nọ́ńbà ṣe ń yàtọ̀ tó bí àkókò tí ẹ fi ń gba ìpíndọ́gba ṣe ń gùn sí i. Apá tó ń sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ á sọ bí ariwo ìmọ́lẹ̀ yín ṣe pọ̀ tó, apá tó tẹ́ á sọ ibi tí gbígba ìpíndọ́gba kò ti ní wúlò mọ́. Bí apá tó ń gòkè ní ìparí bá ń rìn pẹ̀lú ìgbóná òrùka, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ 2. Bó bá ń rìn pẹ̀lú ti ṣíìpù, lúùpù gain ní ìgbésẹ̀ 6 ni kí ẹ tún ṣe.